Irin Kẹfà Nínú Ọyẹ́

Mo mọ̀ pé irọ́ lẹ máa pè é. Ẹ pè é bẹ́ẹ̀, ẹ ò jẹ̀bi. Èmi Àbúdù tí mo ń purọ́ fún yín lójoojúmọ́ náà ni mo ń sọ ọ́. Àmọ́ Bísíríyù ṣì wà láyé, ó ń ta ẹja ní Èbúté Ìkòròdú. Ẹ lọ bi í. Tó bá dá yín lóhùn, ẹ wá sọ fún mi, torí kò bá èmi sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà mọ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ọyẹ́ ìparí ọdún 1954 ni. Mo ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn ní pápá bààlúù kékeré kan nínú igbó, láàárín Ìjẹ̀dè àti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ẹ má rò ó sí pápá bààlúù gidi o. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ ni, pẹ̀lú ilé páànù kan, àti òpó gíga kan tí wọ́n so àpò aṣọ funfun mọ́, èyí tó ń fi ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí hàn. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tó ń wá epo nínú ilẹ̀ ló ni ín. Bààlúù kan ṣoṣo ló ń wá síbẹ̀ láti Òkè Ọya. Irin iṣẹ́ àtàwọn òṣìṣẹ́ ló ń kó.

Lásìkò òjò, ewúrẹ́ nìkan là ń lé. Tí ọyẹ́ bá dé, iṣẹ́ dé nìyẹn. Kùrukùru á bo gbogbo ibẹ̀ bí ẹni da èlùbọ́ sójú ọ̀run. Ọwọ́ tó o nà síwájú, o ò ní rí i. Koríko á gbẹ, iná igbó á máa jó níbi tó bá wù ú. Màlúù àwọn Fúlàní á ṣáko wọ pápá, o ò ní mọ̀ títí wàá fi forí sọ ọ́. Awakọ̀ tó wà lókè ńkọ́? Kí ló fẹ́ rí?

Ohun tá à ń ṣe nìyí. Márùn-ún ni wá. A tò láti ẹnu pápá dé ìparí rẹ̀, kálukú ní ibi tó ń dúró sí. Kálukú ní garawa tí àkísà àti òyìlì dúdú wà nínú rẹ̀, àti ègé irin rélùwéè kan tó so rọ̀ sórí igi. Wàá kọ́kọ́ rìn yí agbègbè rẹ ká. Tí kò bá sẹ́ran, tí kò bá sí òkúta, wàá lu irin rẹ lẹ́ẹ̀kan. Gbàùn. Bàbá Sàlàkọ́, olórí wa, á fọn fèrè láti ẹ̀gbẹ́ ilé páànù. Ó ti gbọ́, ó ti gbà nìyẹn. Ìgbà yẹn ni wàá tó ṣáná sí garawa rẹ. Ó wá kan ẹni tó tẹ̀ lé ọ. Irin márùn-ún, fèrè márùn-ún, iná márùn-ún. Iná karùn-ún ló ń sọ fún awakọ̀ pé ilẹ̀ parí síbí. Lẹ́yìn ibẹ̀, irà ni. Lẹ́yìn irà, ọ̀sà.

Èmi ni ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún. Bísíríyù ni ẹlẹ́ẹ̀kẹrin.

Bàbá Sàlàkọ́ kì í fi fèrè yẹn ṣeré. "Ohunkóhun tí mo bá fọn ọ́n fún," ó máa ń wí, "mo ti ní kó máa bọ̀ nìyẹn."

Èmi náà wá ńkọ́? Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Tí ara bá ń yún mi, mo máa ń lu irin mi lẹ́ẹ̀mejì kí inú lè bí bàbá náà. Á fọn fèrè lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ìbínú, á wá kígbe láti òkèèrè pé, "Àbúdù, o ò ní í gbó." Bísíríyù á rẹ́rìn-ín títí á fi sín.

Ẹ̀gbọ́n mi Dáúdà ti wà ní Kàdúná fún ọdún márùn-ún, ó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe fún ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà. Ọdún márùn-ún, kò wálé. Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, lẹ́tà dé pé ó ń bọ̀ nínú bààlúù ọjọ́ Ajé. Màámi ò sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fi aṣọ wé, wọ́n tẹ̀ lé mi dé pápá.

"Ṣé ibí ló máa sọ̀ sí?"

"Ibí ni, Màámi."

"Nínú kùrukùru yìí?"

"Wọ́n á rí iná."

"Ta ló ń dá iná ọ̀hún?"

"Èmi náà wà níbẹ̀."

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. Wọ́n yíjú sí Bàbá Sàlàkọ́. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣọ́ ọ."

Bàbá ní, "Ìyá Dáúdà, ojúmọ́ wo ni mi ò ṣọ́ ọ?"

Mo lọ sí àyè mi. Òtútù mú. Ọwọ́ mi yi bí igi. Kò pẹ́, a gbọ́ bààlúù lókè lọ́hùn-ún, ó ń kùn bí oyin. Irin àkọ́kọ́ dún. Fèrè. Ìkejì. Fèrè. Ìkẹta. Ti Bísíríyù. Mo yí àyè mi ká, kò sí nǹkan kan. Mo lu tèmi lẹ́ẹ̀kan péré. Mo fi Kùránì búra fún yín, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà lókè, ṣé mo máa ṣeré síyẹn? Fèrè dún. Mo ṣáná.

Mo ń retí kí bààlúù sọ̀.

Ni mo bá gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, lápá irà.

Gbàùn.

Mo yíjú pa dà. Funfun lásán ni mo rí. Ẹnikẹ́ni kì í dúró síbẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ́sẹ̀ dúró.

Bàbá Sàlàkọ́ rò pé èmi ni. Ó bínú. Ó fọn fèrè náà gígùn, ó gùn ju márùn-ún tó kù lọ.

Bó ṣe fọn ọ́n tán, iná kan tàn nínú irà. Ó pupa, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Atẹ́gùn ń fẹ́, iná yẹn ò mì.

Bààlúù sọ̀. Mi ò rí i o, mo gbọ́ ọ ni. Mo gbọ́ ìgbà tí táyà kan ilẹ̀. Ó sáré kọjá ọ̀dọ̀ Bísíríyù, ó kọjá lára mi, atẹ́gùn rẹ̀ fa ṣẹ́ẹ̀tì mi, eruku kún mi lẹ́nu. Kò dúró. Ó kọjá iná mi, ó forí lé iná kẹfà. Mo dijú, mo ń retí kó fọ́.

Kò fọ́. Ẹ́ńjìnnì náà kàn dákẹ́, bí ìgbà tí ẹnì kan fàtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ẹlòmíì.

Èmi àti Bísíríyù sáré wọ irà. Ẹrẹ̀ dé orúnkún wa. A ò rí bààlúù. A ò rí iná, a ò rí ipa táyà. Àwọn lékeléke dúró sínú omi, wọn ò tiẹ̀ fò.

"Àbúdù," Bísíríyù ní, ohùn rẹ̀ kéré, "ṣé ìwọ lo lu ìyẹn?"

"Èmi kọ́."

"Sọ pé ìwọ ni."

"Èmi kọ́, Bísíríyù."

Nígbà tá a máa fi pa dà dé ilé páànù, Màámi ti di ọwọ́ ẹnì kan mú. Àpótí wà lórí rẹ̀. Dáúdà ni. Ó rí ẹsẹ̀ mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àbúdù, ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ní kó o máa sìn níbí ni?"

Ojú rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ni. Mo dọ̀bálẹ̀, ó fà mí dìde. Màámi ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó kàn rìn jáde sí àwọn látinú kùrukùru ni.

Bàbá Sàlàkọ́ ò rẹ́rìn-ín. "Dáúdà, bààlúù dà?"

"Ó ti pa dà, Bàbá."

"Ta ló gbọ́ nígbà tó gbéra?"

Bàbá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lu irin mi. Mo búra fún un. Ó wo fèrè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo fọn ọ́n fún un," ó ní. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nílé, Dáúdà jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán, ó tọwọ́ lá. Mo jókòó sí iwájú rẹ̀, mò ń wò ó. Ọyẹ́ ọdún yẹn, kò sẹ́ni tí ètè rẹ̀ ò là ní Ìkòròdú. Tèmi ń ṣẹ̀jẹ̀. Tiẹ̀ ń dán bí ètè ọmọ tuntun. Mo sọ fún ara mi pé ìpara Kàdúná ni.

Lọ́sàn-án, ẹni tó ń pín wáyà láti ilé ìfìwéránṣẹ́ gun kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà wa. Èmi ni mo gbà á. Wáyà láti Kàdúná ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tó wà níbẹ̀ ò gùn: ọyẹ́ pọ̀, bààlúù ò gbéra, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni Dáúdà.

Ní agogo mẹ́wàá, Dáúdà ń jẹun lọ́wọ́ nílé wa.

Ẹ̀yin lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mú un tọ Màámi lọ ní ilé ìdáná, mo kà á fún wọn jẹ́ẹ́jẹ́. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n jù ú sínú iná abẹ́ ìkòkò. A jọ ń wò ó bó ṣe ń jóná.

"Má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́," Màámi wí.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé Ọjọ́bọ̀, ilé wa dùn. Ká sọ òótọ́. Dáúdà kan páànù tó ti ń jò látijọ́. Ó tún ilẹ̀kùn ṣe. Ó ń jókòó ti Màámi, ó ń dá wọn lẹ́rìn-ín, ó rántí gbogbo nǹkan: orúkọ ewúrẹ́ tá a ní nígbà kékeré, ibi tí mo kó ẹyin tí mo jí pa mọ́ sí. Gbogbo àdúgbò ló ń wúkọ́. Òun ò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a jọ ń ta ayò níta. Ó pa mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ṣé wàá dáná lọ́la?" ó bi mí.

Mi ò tíì sọ fún un pé bààlúù ń bọ̀ lọ́la. "Iṣẹ́ mi ni, Bọ̀dá."

"Tí o ò bá dá a ńkọ́?"

"Awakọ̀ ò ní mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí. Á wọ irà."

Ó ṣa ọmọ ayò sọ́wọ́. Ó ń gbọ̀n wọ́n. "Ó tutù níbẹ̀," ó ní.

"Níbo?"

"Ta. Ìwọ ló kàn."

Ní àárọ̀ Jímọ̀, mo fẹ́ jáde, Màámi dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Dáúdà ò sí lórí ẹní rẹ̀. Ẹní náà ti wà ní kíká.

"Àbúdù. Garawa tìẹ yẹn. Má ṣáná sí i."

"Màámi, bààlúù á wọ irà."

"Mo gbọ́."

"Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọmọ mi wà nílé." Wọ́n di apá mi mú. "Ọdún márùn-ún ni mo fi bẹ Ọlọ́run. Ó dá mi lóhùn. Ìwọ fẹ́ lọ gbé ẹlòmíì wá, kí èyí lè lọ?"

Mo gba abẹ́ apá wọn jáde.

Lójú ọ̀nà, Bísíríyù ní, "Tí irin kẹfà bá dún lónìí, ilé ni mò ń lọ."

"Ilé wo? O ò rí imú ara rẹ, ilé lo máa rí."

Ó yẹ kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Kùrukùru ọjọ́ yẹn burú ju ti ọjọ́ Ajé lọ. Bààlúù dé. Ó yí ká lókè, kò rí nǹkan kan, ó tún yí ká. Irin àkọ́kọ́, fèrè. Ìkejì, fèrè. Ìkẹta, fèrè. Bísíríyù lu tiẹ̀, fèrè dún, iná rẹ̀ tàn. Ó kàn mí.

Mo dúró. Ìṣáná wà lọ́wọ́ mi. Mo ń gbọ́ ohùn Màámi létí mi. Bààlúù ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Àbúdù," Bàbá Sàlàkọ́ kígbe láti òkèèrè. "Àbúdù, irin rẹ dà?"

Lẹ́yìn mi, nínú irà: gbàùn.

Fèrè ò dún. Bàbá ò jẹ́ fọn ọ́n. Àmọ́ iná náà tàn bẹ́ẹ̀. Mo wò ó. Mo mọ ohun tí awakọ̀ ń rí lókè. Iná mẹ́rin, àlàfo, iná kan. Á rò pé ilẹ̀ gùn dé ibẹ̀.

Mo wá gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ látinú irà. Kò dún bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ fa ẹrẹ̀. Ó ń rìn bí ẹni wà lórí símẹ́ńtì. Ó dúró sẹ́yìn mi gan-an.

"Kí lo ń dúró dè?"

Ohùn Dáúdà ni. Mi ò wẹ̀yìn.

"Màámi ní kí n má ṣáná sí i."

"Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́."

"Tí mo bá ṣáná, ẹ̀yin ńkọ́?"

Mo tẹ́tí. Ó sún mọ́ mi débi pé ó yẹ kí n gbọ́ bó ṣe ń mí. Mi ò gbọ́ kó mí.

Bààlúù ti dé orí igi. Mo lu irin mi. Fèrè dún kíá, bí ẹni tó ti fi í sẹ́nu tipẹ́. Ìṣáná àkọ́kọ́ kú. Ìkejì kú. Ìkẹta ṣẹ́. Ìkẹrin mú, àkísà gbiná, iná ru sókè.

Bààlúù já jáde látinú kùrukùru, ó tẹ bíréèkì, ó ń ké, ó dúró. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ló kù kó kan garawa mi. Èyí, mo rí i. Òyìlì ń kán lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, kò sí iná nínú irà. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀kùn bààlúù ṣí. Dáúdà sọ̀ kalẹ̀, ó ń wúkọ́. Ètè rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ gbẹ sí i, eruku sọ irun rẹ̀ di ewú. Inú ń bí i.

"Ta ló ń fi iná ṣeré níbí? Awakọ̀ ní mẹ́fà lòun rí. Ó ku díẹ̀ kó tẹ̀ lé ìkẹfà."

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó fà mí dìde. "Àbúdù, o ti ga," ó ní, ojú rẹ̀ wá rọ̀ díẹ̀. "Màámi ńkọ́? Ṣé wọ́n rí wáyà mi?"

"Wọ́n rí i."

Mi ò sọ ju ìyẹn lọ títí a fi délé. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ò bá sọ ọ́? Báwo lẹ ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?

Màámi wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò sáré pàdé rẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, wọ́n tún ń wò ó.

"Wọlé," wọ́n ní. "Ó ń dúró dè ọ́."

"Ta ni, Màámi?"

Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n fà á wọ yàrá tiwọn. Wọ́n ní kí n dúró síta. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Mo gbé etí lé ilẹ̀kùn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà á gbé e lé e. Ọkùnrin méjì ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn kan náà. Ọ̀kan ń wúkọ́, èkejì kì í wúkọ́. Wọn ò jà. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, bí ọmọ ìyá tó ń pín ẹran. Mo ń gbọ́ ọmọ tẹ̀súbáà Màámi tó ń kọ lu ara wọn. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, Màámi ní, "Ó tó."

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Dáúdà kan ló jáde. Mo yọjú wọnú yàrá. Ibùsùn. Àpótí kan. Fèrèsé tá a fi ìṣó kàn pa nítorí eruku ọyẹ́, ìṣó ṣì wà níbẹ̀. Màámi jókòó sórí ẹní, wọ́n dojú kọ ògiri.

Dáúdà wúkọ́. Ètè rẹ̀ là. Inú mi dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo ní, tiwa nìyí, èyí tó bọ́ látinú bààlúù gidi.

Ọjọ́ Àìkú ni inú mi dùn mọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé ọpọ́n ayò jáde, ó ní kí n jókòó. Ó rẹ́rìn-ín sí mi pẹ̀lú ètè rẹ̀ tó là yẹn. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pa ọ́ lọ́jọ́bọ̀," ó ní. "Ṣé o ti gbọ́n díẹ̀?"

Lọ́jọ́bọ̀, èyí tó ń wúkọ́ wà ní Kàdúná.

Mo dìde. Mo lọ bá Màámi lẹ́yìnkùlé. "Màámi, èwo nìyí?"

Wọn ò gbójú sókè lára ẹja tí wọ́n ń yan. "Ẹnì kan ló jáde nílé yìí lọ sí Kàdúná. Ẹnì kan ló wà nílé báyìí. Kí lo tún ń wá, Àbúdù?"

Ẹ mọ Dáúdà náà. Ẹ má díbọ́n. Òun ló tún maṣíìnì ìránṣọ ìyàwó rẹ ṣe lánàá, ìwọ tó o jókòó sẹ́bàá àtùpà yẹn. Ó níyàwó, ó bímọ méjì. Èèyàn dáadáa ni, kò sẹ́ni tó lè wí pé kì í ṣe èèyàn dáadáa. Èmi ni mo kúrò níbi iṣẹ́ pápá. Èmi ni mi ò lè sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ìjẹta, ọyẹ́ sọ̀ gan-an. A jọ dúró ní àgbàlá, a ń bọ́jú, a ò rí ògiri tó wà níwájú wa. Ó ń fi etí aṣọ nu ojú, kò wò mí.

"Àbúdù," ó ní, "iná tó o dá lọ́jọ́ yẹn. Èwo nínú wa lo dá a fún?"

Mo lanu kí n fi dá àpárá. Ẹ mọ̀ pé àpárá kì í wọ́n mi. Kò sí èyí tó wá.

Ó wúkọ́. Ó gbé bùútà rẹ̀, ó rìn wọnú kùrukùru lọ.